Orí Kẹsàn-án: Ọkàn Nínú Ẹ̀rọ àti Ẹni Tí Yóò Máa Sanwó Iná

Láàárín òkun Àtìláńtíìkì àti ọ̀sà Èkó ni ilẹ̀ tóóró Lekki nà sí, láti ibi tí Victoria Island parí sí títí dé Ajah àti Sangotedo, àwọn tó sì ń gba ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ ohun tí wọ́n rì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Etíkun yìí wà lára ibi tí wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ Nàìjíríà ti ń gúnlẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ilé ìpamọ́ dátà ti ń dìde, ìyẹn ilé tí wọ́n to ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sí lórí àtẹ irin, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn lára tọ̀sán-tòru, tí wọ́n sì ń háyà ààyè inú rẹ̀ fún báńkì, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti ẹnikẹ́ni tí agbára rẹ̀ bá ká owó rẹ̀. MainOne, tí Funke Opeke dá sílẹ̀, fa wáyà tó tó 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Pọtogí wá sí Èkó ní ọdún 2010, ó sì ṣí ilé ìpamọ́ dátà kan sí Lekki ní ọdún 2015. Equinix ti Amẹ́ríkà fi 320 mílíọ̀nù dọ́là ra ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì parí òwò yẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Oṣù yẹn kan náà ni wáyà Equiano, tí Google ni, gúnlẹ̀ sí Lekki. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú pé wọ́n rí ọ̀nà láti kó ọkàn ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, tí ọmọ Nàìjíríà kan sì fẹ́ kí ti òun wà nílé, irú ilé báyìí ni yóò máa gbé, nítorí náà kò burú kí ìbéèrè bóyá ó ṣeé ṣe, àti bóyá ó yẹ ní ṣíṣe, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun tí orí yìí ń pè ní àdàkọ ọkàn ni èrò pé gbogbo ohun tó mú kí ènìyàn jẹ́ ẹni tí ó jẹ́, ìrántí rẹ̀, ìwà rẹ̀, ohun tí ó fẹ́ràn àti ohun tí ó ń bẹ̀rù, wà nínú bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ṣe tò àti bí wọ́n ṣe so mọ́ra wọn, àti pé bí a bá lè ka ètò yìí láìku ẹyọ kan, tí a sì mú kí kọ̀ǹpútà máa ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ọkàn náà yóò jí sínú ẹ̀rọ, yóò sì máa wà lọ lẹ́yìn tí ara bá ti jẹrà. Èrò náà kì í ṣe àlá lásán, torí ó dúró lórí ohun kan tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, pé bí rọpárọsẹ̀ tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ba apá kan ọpọlọ jẹ́, ìrántí, ọ̀rọ̀ sísọ tàbí ìwà ènìyàn lè yí padà débi tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò fi máa sọ pé kì í ṣe ẹni tí àwọn mọ̀ mọ́. Ibi tí àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ ti ń sáré jù ni pé wọ́n gbà pé ohun tó bá lè bàjẹ́ mọ́ ọpọlọ lára gbọ́dọ̀ lè kúrò lára ọpọlọ láìbàjẹ́.

Ọpọlọ àgbàlagbà kan ní nǹkan bí bílíọ̀nù 86 niúrọ́ọ̀nù, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi iná mànàmáná tín-ín-tìn-ìn-tín àti kẹ́míkà ránṣẹ́ sí ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínáápùsì, èyí tí í ṣe oríkèé tóóró tí iṣẹ́ tí niúrọ́ọ̀nù kan rán ti ń kọjá sọ́dọ̀ èkejì. Kí wọ́n tó lè ya àwòrán oríkèé wọ̀nyí, àwọn olùwádìí máa ń fi kẹ́míkà mú ẹran ọpọlọ náà le, wọn a gé e sí ẹ̀là tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ lọ́nà tí ojú kò lè rí, wọn a fi maikirosíkóòpù alágbára ya ẹ̀là kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà yóò tún gbogbo rẹ̀ tò padà. Kò sí alààyè tó lè la irú ìṣe bẹ́ẹ̀ já, kókó kan sì nìyí tí àwọn tó ń polówó àìkú kì í fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde fún gbogbo ara ẹ̀dá kan, aràn tẹ́ẹ́rẹ́ inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Caenorhabditis elegans, tí niúrọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ju 302 lọ. Ó di oṣù kẹwàá ọdún 2024 kí ti ọpọlọ eṣinṣin èso tó ti dàgbà tó jáde, pẹ̀lú niúrọ́ọ̀nù 139,255 àti sínáápùsì tó lé ní mílíọ̀nù 50. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 kan náà ni àwọn olùwádìí Harvard àti Google gbé àwòrán ẹ̀kán ọpọlọ ènìyàn kan jáde, èyí tí wọ́n rí lára ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí wárápá. Bí wọ́n bá kó ẹ̀kán náà jọ, kò ju mìlímítà kan ní ìbú, ní òró àti ní gíga lọ, hóró ìrẹsì sì tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n bá nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì 57,000 àti sínáápùsì mílíọ̀nù 150 níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì gba 1.4 pẹ́tábáìtì, ìyẹn mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún gígábáìtì.

Ìṣirò yìí yóò yé ni dáadáa bí a bá gbé e wá sí Lekki. Iye irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ tó wà nínú orí ẹnì kan lé ní mílíọ̀nù kan dáadáa. Bí a bá kà á sí 1,200,000, àwòrán gbogbo rẹ̀ yóò gba dísíkì oní-tẹrabáìtì kan tó lé ní bílíọ̀nù kan àti àbọ̀, kò sì sí ilé ìpamọ́ dátà kankan láti Lekki dé Ẹ̀pẹ́, tàbí níbòmíràn láyé, tí a kọ́ láti gba ìyẹn nítorí ẹyọ ènìyàn kan. Wáyà Equiano ńkọ́? Wọ́n ṣe é láti lè gbé tẹrabíìtì 144 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí gbogbo Nàìjíríà, Tógò, Nàmíbíà àti Gúúsù Áfíríkà bá gbà láti má lo íntánẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀, tí wọ́n yọ̀ǹda gbogbo rẹ̀ fún orí ẹnì kan ṣoṣo, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta kí ó tó gbé àwòrán náà dé èbúté. Àwòrán lásán sì ni, ohun tí kò tíì lè ronú.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ajah mọ̀ pé ìwé sọ́fè kì í ṣe ilẹ̀: nọ́ńbà òpó rẹ̀ lè pé, kí òǹtẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ gaara, síbẹ̀ ìwé náà kò ní sọ bóyá omi ń dúró níbẹ̀ lóṣù kẹfà tàbí ọmọ onílẹ̀ mélòó ló ti tà á. Bí àwòrán ìsopọ̀ ọpọlọ ti rí nìyẹn. Ó ń fi ibi tí oríkèé wà hàn, kì í fi bí oríkèé náà ṣe lágbára tó hàn tán, tàbí irú kẹ́míkà tó ń kọjá níbẹ̀, tàbí bí ebi, ìbẹ̀rù àti àìsùn ṣe ń yí iṣẹ́ rẹ̀ padà láàárín wákàtí kan sí èkejì. Aràn tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní 1986 ni ẹlẹ́rìí. Láti ọdún 2011 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní OpenWorm ti ń sapá láti mú un wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wọn sì ti kọ́ ni ní ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí aràn inú ẹ̀rọ tí ń hùwà ní gbogbo ọ̀nà bíi ti inú ilẹ̀. Bí niúrọ́ọ̀nù 302 bá lè dá ènìyàn dúró fún ìgbà tó gùn tó báyìí, ẹni tó ń fi ọdún kan pàtó ṣèlérí fún bílíọ̀nù 86 ń tajà ni, kì í ṣe ìwádìí ló ń ṣe.

Ẹ̀rí mìíràn wà nílùú Ìbàdàn, èyí tí ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá mọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní ọdún 1992, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Hugh Hendrie ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n sì ń tọpasẹ̀ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, láti mọ iye tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń mú. Èsì tó jáde ní 2001 fi hàn pé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn láàárín ọdún kan, àrùn Alzheimer, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn ìgbàgbé, ń mú 2.52 ní Indianapolis, ṣùgbọ́n 1.15 péré ni ó ń mú ní Ìbàdàn. Oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti irú ìgbé ayé tí ènìyàn ń gbé wà lára ohun tí wọ́n fura sí. Ohun tí èyí ń wí fún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé ìrántí kò dá wà nínú orí, nítorí pé ohun tí ènìyàn ń jẹ, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé wà lára ohun tó ń pa á mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe àdàkọ ọkàn gbọ́dọ̀ sọ bóyá yóò da ìwọ̀nyí náà kọ tàbí yóò fi wọ́n sílẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ ti gba ọ̀nà òdì-kejì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, níbi ìpàdé TEDGlobal ní Arusha, orílẹ̀-èdè Tansaníà, ọmọ Nàìjíríà kan, Oshiorenoya Agabi, fi ẹ̀rọ kan hàn tí ó gbin niúrọ́ọ̀nù eku sínú rẹ̀ kí ó lè máa gbóòórùn ohun abúgbàù. Ó sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Koniku, orúkọ tí ọmọ Yorùbá kankan kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Agabi kò gbé ọkàn sínú ẹ̀rọ o. Sẹ́ẹ̀lì alààyè ni ó fi sínú ẹ̀rọ, nítorí pé ohun kan wà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe pẹ̀lú agbára kékeré tí ẹ̀rọ kò tíì lè ṣe pẹ̀lú èyí tó pọ̀. Gbogbo ọpọlọ ènìyàn kò lò ju nǹkan bí 20 wáàtì lọ, iná tí kò tó èyí tí gílóòbù àtijọ́ kan ń jẹ.

Ká tilẹ̀ gbà pé gbogbo ìdíwọ́ wọ̀nyí kúrò lọ́nà, ìbéèrè tí ó ṣẹ́kù le jù wọ́n lọ: ta ni ẹni tó jí nínú ẹ̀rọ? Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Derek Parfit, gbé e kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Reasons and Persons ní 1984, nípa ẹ̀rọ kan tí yóò ka ara ènìyàn tán, tí yóò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá kú ńkọ́, tí òun àti ẹ̀dà rẹ̀ ń wo ara wọn lójú, tí àwọn méjèèjì ń pe ìyàwó kan náà ní tiwọn? Ìran Yorùbá ti ní ìrírí díẹ̀ nínú irú ọ̀ràn yìí. Bàbá àgbà kan lè kú, kí ọmọ-ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan náà máa jẹ́ Babátúndé nítorí rẹ̀, kí àwọn ará ilé máa sọ pé ìrìn bàbá ni èyí ń rìn, ẹ̀rín bàbá ni tọ̀hún ń rín, síbẹ̀ kí wọ́n ṣì máa pe bàbá náà fúnra rẹ̀ níbi ìbọ àwọn baba ńlá. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé tó kọ lórí Olódùmarè ní 1962, kíyè sí èyí, ó sì sọ pé àtúnwá tí Yorùbá gbà gbọ́ kì í ṣe àtúnwá odidi ènìyàn. Kò sí Babátúndé kan tí yóò gbé ìwé ilẹ̀ bàbá àgbà lọ sí ilé ẹjọ́ pé òun fúnra òun ni òun rà á ní 1950. Ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ìjọra àti ìtẹ̀síwájú, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fi sọ ọmọ, ṣùgbọ́n wọn kò fi pe ènìyàn kan ní ẹlòmíràn. Ìdájọ́ yìí bá ẹ̀dà inú ẹ̀rọ mu: bí ó bá wáyé, ọmọ ẹni tó kú ni kí a kà á sí, kì í ṣe òun tìkára rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan ti fẹ́ gbowó lórí ìlérí àdàkọ ọkàn. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Nectome kéde pé òun yóò fi kẹ́míkà pa ọpọlọ mọ́ débi tí àwọn ìran iwájú yóò fi lè ka ìrántí inú rẹ̀, àwọn fúnra wọn sì jẹ́wọ́ pé ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún yóò kú, nítorí ó gbọ́dọ̀ wà láàyè nígbà tí kẹ́míkà náà bá ń wọlé. Àwọn ènìyàn ń san 10,000 dọ́là kí orúkọ wọn lè wà lórí ìlà ìdúró. Nígbà tí ariwo pọ̀, yunifásítì MIT já àjọṣe tó wà láàárín wọn ní oṣù kẹrin ọdún náà.

Ọ̀rọ̀ nípa bóyá ó yẹ ni ó gba kí a padà wo ilé tí ọkàn náà yóò máa gbé, nítorí pé àwọn tó ń kọ̀wé lórí àìkú inú ẹ̀rọ sábà máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ń gbé ojú ọ̀run. Ó ń gbé lórí ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Òjò oṣù keje ọdún 2017 sọ ọ̀nà àti ọ̀pọ̀ ilé ní Lekki di odò. Gírìdì iná orílẹ̀-èdè dojú dé lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024, jẹnẹrétọ̀ ńláńlá ni ó sì ń gbé ilé ìpamọ́ dátà ró bí iná bá lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Nàìjíríà sì ń ráre. Owó sì tún nìyí: ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà aláháyà ni wọ́n ń fi dọ́là díye lé, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó bá ń gbé nínú ẹ̀rọ ní àkókò yẹn, owó oúnjẹ rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún kan àti ààbọ̀, kò sì ní ọwọ́ tó lè fi ṣiṣẹ́ àfi èyí tí onílé bá yọ̀ǹda fún un.

Ibi tí ìṣòro gan-an wà nìyí. Ẹni tó ni ẹ̀rọ lè dá ọkàn inú rẹ̀ dúró kí ó sì tún un tàn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó lè dín iyára rẹ̀ kù nítorí gbèsè, ó lè ṣe ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà akọ̀wé owó kan kí wọ́n máa ṣírò owó fún un láìgba kọ́bọ̀, ó sì lè tà á pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ nígbà tí òmíràn bá wá rà á. Olaudah Equiano, ẹni tí wáyà Lekki ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, mọ ohun tí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn ni ẹni; ọdún 1766 ni ó fi owó ara rẹ̀ ra òmìnira, ìwé tí ó sì tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1789 wà lára ohun tó bá òwò ẹrú jà. Ó ní ẹsẹ̀ tó fi rìn kúrò. Ọkàn inú ẹ̀rọ kò ní.

Òfin Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n pa dátà òun rẹ́, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó o, èyí tó dára; ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ fún dátà tó ń sọ nípa ènìyàn, wọn kò kọ ọ́ fún dátà tó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pa òun rẹ́. Ohun tó sún mọ́ tòsí ju ìyẹn lọ ni kí òfin náà mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ń ta ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀sọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àti ohùn òkú kọ́ ní Ṣáínà àti Amẹ́ríkà, irú èyí tí ẹni tó ní ohùn ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp ní Ajah lè rà lọ́la. Kì í ṣe ọkàn ìyá náà ni. Ṣùgbọ́n yóò máa pe orúkọ ọmọ, yóò máa bá a dárò, ilé-iṣẹ́ kan ni yóò sì máa pinnu ohun tí yóò bá a tà láàárín ọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lo ohùn òkú báyìí, ó yẹ kí ó ti gba àṣẹ tí ẹni náà fọwọ́ sí nígbà ayé rẹ̀.

Nítorí náà, àdàkọ ọkàn kò ṣeé ṣe lónìí, kò sì sí ẹ̀rí pé yóò ṣeé ṣe lójú ayé ẹnikẹ́ni tó ń ka ìwé yìí. Bí yóò bá ṣeé ṣe, kò yẹ kí ó wáyé kí òfin tó sọ pé ọkàn inú ẹ̀rọ kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí ọpọlọ ènìyàn lè fi wúlò lẹ́yìn ikú ti wà nílẹ̀ ní tòótọ́. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rufus Akinyemi wà lára àwọn aṣáájú wọn ti bẹ̀rẹ̀ báńkì ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ òkú tí àwọn ẹbí bá yọ̀ǹda, kí wọ́n lè ṣèwádìí àrùn ìgbàgbé àti rọpárọsẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn dókítà yóò ti wá gba àṣẹ lọ́jọ́ náà.